Bí Wọ́n Ṣe Ń Pe Ènìyàn àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Bọ̀wọ̀ Fúnni ní Túrkì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kàwé ní Ankara àti oníṣòwò tó ń lọ kó aṣọ ní Laleli ní Istanbul, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá. A tò wọ́n síbí, láti orí èyí tó rọrùn títí dé orí èyí tó ń da àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ pàápàá láàmú.

Ṣé èdè Túrkì ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa?

Ó ní in. *Sen* ni "o", *siz* ni "ẹ". Bí "ẹ" tiwa ṣe wà fún àgbà kan ṣoṣo tó sì tún wà fún èèyàn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni *siz* rí.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé wọn kì í sábà pe *sen* tàbí *siz* síta. Ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbé ọ̀wọ̀ náà. *Nasılsın?* ni wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà ẹgbẹ́ ẹni, *nasılsınız?* ni ti àgbà. *Gelir misin?* ni "ṣé wàá wá?", *gelir misiniz?* ni "ṣé ẹ máa wá?" Ẹni tó bá jẹ ìparí yẹn mọ́nu ti sọ "o" sí àgbà, bí kò tilẹ̀ dárúkọ *sen* rárá. Nínú àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà, èyí wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Ìparí *siz* ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan. Ti *sen* á rọrùn lẹ́yìn náà.

Ta ni siz tọ́ sí, ta ni sen tọ́ sí?

*Siz* tọ́ sí àgbàlagbà tí ẹ kò mọ̀ rí, olùkọ́, dókítà, ọ̀gá ibi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníbàárà, àti àwọn àna yín ní ìbẹ̀rẹ̀. *Sen* wà fún ọ̀rẹ́, ọmọdé, ẹbí tó sún mọ́ni, àti Ọlọ́run nínú àdúrà.

Ohun tó máa ń ya Yorùbá lẹ́nu ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, *sen* ni ọmọ ń sọ fún ìyá àti bàbá rẹ̀, àní fún ìyá ìyá rẹ̀ pàápàá. Kì í ṣe àfojúdi. Orúkọ ipò tó fi pè wọ́n, *anne* fún ìyá, *baba* fún bàbá, ló gbé ọ̀wọ̀ náà. Ọmọ tó bá la orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọn yóò bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígboro. Ẹ lè pe onísọ́ọ̀bù ní *abi*, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì máa sọ *sen* fún un, nítorí *abi* ti bọ̀wọ̀ fún un tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní *Mehmet Bey*, bí ẹni ní Ọ̀gbẹ́ni Mehmet, *siz* ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. *Mehmet Bey* pẹ̀lú *sen* á rí bí ẹni wọ agbádá láìwọ ṣòkòtò.

Ìgbà wo ni mo lè kúrò lórí siz bọ́ sí sen?

Àgbà tàbí ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Yóò ní *Sizli bizli konuşmayalım*, ìyẹn ni pé ká yé "ẹ" ara wa. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró lórí *siz*, bí òun tilẹ̀ ń sọ *sen* fún yín. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni *sen* ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá taku sórí *siz* níbẹ̀, wọ́n á rò pé kò fẹ́ bá àwọn ṣọ̀rẹ́ ni.

Ẹ má sì padà sẹ́yìn láìnídìí. Bí ẹni méjì bá ti ń sọ *sen* fún ara wọn, tí ọ̀kan ṣàdédé padà sí *siz*, inú ń bí onítọ̀hún nìyẹn, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò ní mọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa pe ẹni tí mo mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kò tíì mọwọ́ ara wa?

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni, kí *Bey* tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ ọkùnrin, kí *Hanım* tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ obìnrin: *Ahmet Bey*, *Ayşe Hanım*. Ẹ̀yìn orúkọ ló ń wà, kì í ṣaájú, kì í sì í bá orúkọ ìdílé rìn. Ní báǹkì àti ilé ìwòsàn, ẹ̀yin náà á gbọ́ *Tunde Bey* tàbí *Bukola Hanım*. Àmọ́ bí ẹ bá ń sọ orúkọ yín fún ẹlòmíràn, orúkọ lásán ni kí ẹ dá. Èèyàn kì í fi *Bey* kún orúkọ ara rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ orúkọ, *beyefendi* ni fún ọkùnrin, *hanımefendi* fún obìnrin. Iṣẹ́ ẹni náà sì lè dúró fún orúkọ: *doktor hanım*, *müdür bey* fún ọ̀gá, *memur bey* fún ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ fẹ́ pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ nílé oúnjẹ? *Bakar mısınız?* ti tó. Ẹ má súfèé, ẹ má sì pàtẹ́wọ́ sí i.

Kí ló dé tí wọn kì í fi orúkọ ìdílé pe ara wọn? Bay àti Sayın ńkọ́?

Orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ ní Túrkì. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1934 ni òfin jáde pé kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún Mustafa Kemal, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, ní orúkọ Atatürk. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, òfin mìíràn wọ́gi lé oyè bíi *efendi*, *bey*, *hanım* àti *paşa*, *Bay* fún ọkùnrin àti *Bayan* fún obìnrin ni wọ́n sì fi rọ́pò wọn ṣaájú orúkọ. Àwọn aráàlú kò gbà á sẹ́nu. *Bey* àti *Hanım* ni wọ́n ń sọ títí di òní.

*Bay* kù sórí fọ́ọ̀mù àti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. *Bayan* ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn: ọ̀pọ̀ obìnrin kò fẹ́ ẹ, *kadın*, ìyẹn obìnrin, ni wọ́n fẹ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, *hanımefendi* bí a bá ń pè wọ́n. *Sayın* ló ń bá orúkọ ìdílé lọ, nínú lẹ́tà, ìkéde àti ọ̀rọ̀ níwájú èrò: *Sayın Yılmaz*. Ẹ má fi pe aládùúgbò yín.

Abi, abla, amca, teyze: èwo ni ti ta?

*Abi*, tí wọ́n ń kọ ní *ağabey* nínú ìwé, ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. *Abla* ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Iṣẹ́ tí bùrọ̀dá àti àǹtí ń ṣe lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń ṣe: awakọ̀, onísọ́ọ̀bù, ẹni tí ẹ fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè dá dúró, wọ́n sì lè tẹ̀ lé orúkọ: *Mehmet Abi*, *Zeynep Abla*. Ẹni tí ẹ jù lọ tàbí tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni *kardeşim*.

Fún àwọn tó tó òbí yín, ìdí ìyá àti ìdí bàbá yà sọ́tọ̀. *Amca* ni arákùnrin bàbá, *dayı* ni arákùnrin ìyá. *Hala* ni arábìnrin bàbá, *teyze* ni arábìnrin ìyá. *Amca*, *dayı* àti *teyze* ń jáde sígboro, wọ́n ń fi wọ́n pe ẹni tí kì í ṣe ẹbí. *Hala* kì í kúrò nínú ilé. Ẹni tó bá fi pe ìyá àgbà kan nínú bọ́ọ̀sì, wọn ò ní mọ ohun tó ń wí.

Ọjọ́ orí ló ń kó àlejò sí wàhálà jù níbí. Obìnrin ẹni 40 ọdún tí ẹ bá pè ní *teyze* á gbà pé ẹ ń pe òun ní arúgbó, ó sì lè sọ ọ́ sí yín lójú. Ọkùnrin tí wọ́n pè ní *amca* láìtọ́jọ́ náà kì í dunnú sí i. *Abi* àti *abla* ni kí ẹ dì mú títí ewú á fi hàn kedere.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?

*Yenge* ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni tàbí ìyàwó *amca* ẹni ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi pe ìyàwó ọ̀rẹ́ yín. Ó ń fi yé ọkọ rẹ̀ pé ojú ìyàwó ẹbí ni ẹ fi ń wò ó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni *enişte*. Ìyàwó ilé fúnra rẹ̀ ń pe ìyá ọkọ ní *anne*, ó ń pe bàbá ọkọ ní *baba*. *Kayınvalide* ni ó ń lò bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá ọkọ fún ẹlòmíràn.

Ta ni à ń pè ní hocam?

Olùkọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n, ìmáàmù, àti dókítà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ní yunifásítì, *hocam* ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ yín, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kí *siz* sì tẹ̀ lé e. Ẹ má pè é lórúkọ nìkan láé, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀dọ́ tó. Ní yunifásítì ODTÜ ní Ankara, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ara wọn ní *hocam*, wọ́n ń fi pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà.

Oníṣẹ́ ọwọ́, ìyẹn mẹkáníìkì, káfíńtà, ẹni tó ń sun ẹran *kebap*, *usta* ni.

Mo gbọ́ tí ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ ní "anneciğim". Ṣé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni?

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. *Anneciğim* ni "ìyá mi ọ̀wọ́n", ìyá sì ń fi pe ọmọ inú rẹ̀. Bàbá náà á pe ọmọ rẹ̀ ní *babacığım*, *teyze* á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní *teyzeciğim*. Àgbà ló ń gbé orúkọ ipò tirẹ̀ fún ọmọ, ìkẹ́ ni. Ọmọ náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ṣé kí n kúnlẹ̀ tàbí kí n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà?

Rárá o. Iwájú orí tó kan ilẹ̀, ìrun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún á yára fà yín dìde, ara rẹ̀ á sì kó tìọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń fẹnu kò. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín gbá ọwọ́ ọ̀tún àgbà náà mú láti ìsàlẹ̀, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ fi ètè kan ẹ̀yìn ọwọ́ náà fẹ́rẹ́, kí ẹ wá gbé e kan iwájú orí yín. Ẹni tó bá fẹnu kò ó tí kò gbé e kan iwájú orí, ààbọ̀ ló ṣe. Àgbà náà lè dáhùn pé *El öpenlerin çok olsun*, kí àwọn tí yóò fẹnu ko ọwọ́ tìrẹ náà pọ̀.

Òbí, òbí àgbà, àna àti àgbà ẹbí ló ń gba irú ìkíni yìí, pàápàá ní òwúrọ̀ *Ramazan Bayramı* (ọdún ìtúnu ààwẹ̀) àti *Kurban Bayramı* (ọdún Iléyá), níbi ìgbéyàwó, tàbí kí èèyàn tó rin ìrìn àjò tó jìn. Àwọn ọmọdé ń gba owó tàbí súìtì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe é fún ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì. Bí àgbà náà bá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má fà á padà. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lásán.

Ọkùnrin àti obìnrin ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkùnrin sí ọkùnrin náà ń ṣe é. Láàárín ọkùnrin àti obìnrin tí kò mọra, ẹ jẹ́ kí obìnrin kọ́kọ́ na ọwọ́. Bí kò bá nà án, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ẹ mi orí díẹ̀. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ẹ̀sìn ló jẹ́ kí àwọn mìíràn yẹra fún bíbọ ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní àwọn náà ní ìkíni fún gbogbo nǹkan bíi "ẹ kú" tiwa. Àwọn wo ni kò yẹ kí n gbàgbé?

Òótọ́ ni, ibí yìí sì ni Yorùbá ti máa ń rí ojú rere wọn jù, nítorí a ti mọ̀ nílé pé kì í ṣe "báwo ni" là ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. *Kolay gelsin* ni "ẹ kú iṣẹ́". Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, akọ̀wé tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kódà bí ẹ bá kàn ń kọjá lọ, ẹ sọ ọ́. Ojú wọn á là.

Aláìsàn, ẹni tó jàǹbá ọkọ̀, ẹni tí olè jà, gbogbo wọn ni *geçmiş olsun* wà fún. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. *Başınız sağ olsun* ni ti ọ̀fọ̀, ẹ sì lè fi *Allah rahmet eylesin* tọrọ àánú Ọlọ́run fún òkú. Ẹni tó se oúnjẹ ni *elinize sağlık*, òun á sì dáhùn pé *afiyet olsun*. Ẹni tó gẹrun tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni *sıhhatler olsun*. Ẹni tó ra nǹkan tuntun ni *güle güle kullanın*, kó máa fi ẹ̀rín lò ó. Ilé, iṣẹ́ tàbí sọ́ọ̀bù tuntun ni *hayırlı olsun*. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun hàn yín, *maşallah* gbọ́dọ̀ ṣaájú ìyìn yòówù tí ẹ fẹ́ sọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù ojú burúkú. Lẹ́yìn náà ni *Allah analı babalı büyütsün*, kí Ọlọ́run jẹ́ kó dàgbà lójú ìyá àti bàbá.

Àwọn ìkíni tó ń ní èsì, ẹ kọ́ èsì náà mọ́ wọn. *Hoş geldiniz*, "ẹ káàbọ̀", èsì rẹ̀ ni *hoş bulduk*. Nígbà ìdágbére, ẹni tó ń lọ ló ń sọ *Allahaısmarladık*, ẹni tó ń dúró ló ń sọ *güle güle*. Ọ̀pọ̀ àlejò ń fi *güle güle* jáde nílé onílé, òdì ni.

Kí ni efendim, buyurun àti estağfurullah?

*Efendim* ni ìdáhùn bí wọ́n bá pè yín, òun ni ẹ̀yin á fi gbé fóònù, òun náà ni ẹ máa sọ bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n wí. *Ne?* lásán, "kí ni?", le létí àgbà. *Buyurun* ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ń fún yín ní nǹkan, tí wọ́n ń ní kí ẹ wọlé, tàbí tí wọ́n ń ní kí ẹ sọ̀rọ̀. *Estağfurullah* ni èsì ìyìn tó pọ̀ jù tàbí ìdúpẹ́ ńlá, èèyàn fi ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì gbé ara lé *lütfen* nìkan láti fi bẹ̀bẹ̀. *Kapıyı kapatın lütfen* ṣì ń dún bí àṣẹ. Ìbéèrè ló ń rọ ọ̀rọ̀: *Kapıyı kapatır mısınız?*, ṣé ẹ máa bá mi ti ilẹ̀kùn?

Wọ́n pè mí wá sílé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Onílé á fún yín ní *terlik*, bàtà inú ilé, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ mú nǹkan dídùn bíi *baklava* lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé *kolonya*, ìyẹn omi olóòórùn dídùn, dé, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ fi ra ọwọ́. Ọtí inú rẹ̀ le, ẹ má jẹ́ kó kan ojú. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀ níwájú àgbà ilé náà.

Oúnjẹ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lọ̀ yín, wọ́n lérò pé ẹ máa kọ̀ ọ́ díẹ̀, àwọn á sì tún fi lọ̀ yín. Tíì kì í tán lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá ti tó yín, ẹ gbé ṣíbí kékeré náà dábùú ẹnu ife, wọn á yé bù ú.

Mo béèrè ọjà, ọkùnrin náà gbé ìpéǹpéjú sókè, ó sì ṣe bí ẹni pòṣé. Ṣé ó bú mi ni?

Kò bú yín. "Kò sí" ló sọ. Ìpéǹpéjú tó lọ sókè, nígbà mìíràn pẹ̀lú àgbọ̀n àti ìró kan ṣoṣo lẹ́nu, *cık*, ni "rárá" ojoojúmọ́ níbẹ̀. Òṣé tiwa gùn, tiwọn kúrú. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún ni kí ẹ ti àtàǹpàkò bọ àárín ìka méjì nínú ẹ̀ṣẹ́, àti kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka síni. Èébú ni méjèèjì.

Báwo ni ọ̀wọ̀ ṣe ń lọ nínú ọjà bíi Laleli?

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè iye: *Kolay gelsin* tàbí *Hayırlı işler*. Tíì tí wọ́n bá fi lọ̀ yín kò so yín mọ́ ọjà, ẹ lè mu ún kí ẹ má sì rà. *Abi, son ne olur?* ni ẹ fi ń béèrè iye ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀gàn ibẹ̀ wà nínú kí ẹ dúnàádúrà, kí oníṣọ́ọ̀bù gbà fún yín, kí ẹ wá kẹ̀yìn sí i. Bí ó bá gbowó, á ní *Bereket versin*, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i. Bí tiyín bá jẹ́ ọjà àkọ́kọ́ tó tà lọ́jọ́ náà, *siftah* nìyẹn. Àwọn mìíràn á fi owó náà ra àgbọ̀n wọn tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó mú un, fún oríire ọjà.

Kí ló dé tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí mi, ìyàwó mi àti owó oṣù mi?

Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò fi yín sí: *abi* ni tàbí *kardeş*. *Nerelisin?*, "ọmọ ibo ni ọ́?", ló sábà ń ṣaájú. Ẹ kò ní láti dá iye owó oṣù yín. *Şükür, geçiniyoruz*, "a dúpẹ́, à ń jẹun", parí ọ̀rọ̀ náà láìbínú.

Mo ń kọ ìwé sí ọ́fíìsì yunifásítì. Ṣé kí n fi "rica ederim" parí rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu, *rica ederim* jẹ́ èsì ìdúpẹ́, kò sí aburú níbẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, ẹni tó wà lókè ló ń fi kọ̀wé sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan ń kọ *arz ederim*. Nínú *dilekçe*, ìyẹn ìwé ẹ̀bẹ̀, ìlà ìkẹyìn ni *Gereğini arz ederim*, kí ọjọ́, orúkọ àti ìfọwọ́sí tẹ̀ lé e. Fún olùkọ́ yín lórí ímeèlì, *Sayın Hocam* ni ìbẹ̀rẹ̀, *Saygılarımla* ni ìparí.

Ọmọdékùnrin kan ní ọ́fíìsì ìjọba sọ sen sí mi, mo sì jù ú lọ dáadáa. Ṣé ìwọ̀sí ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Túrkì ń ṣẹ́ èdè kúrú fún àlejò kó lè yé e, *siz* sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń jù nù. Ẹ fetí sí ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ní *abi* tàbí *abla* nínú, ó bọ̀wọ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ *sen* gbẹrẹfu, tí ó sì ń sọ *siz* fún ará Túrkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má fi *sen* dá a lóhùn. Ẹ dúró lórí *siz*, ẹ pè é ní *memur bey*, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ yín jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á yí padà sí *siz* kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹni tí kò bá yí, ẹ lè sọ fún un láìgbóhùn sókè pé *Bana siz deyin lütfen*, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀".